Pẹ́dàlì wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún gìtá béèsì tí ohùn rẹ̀ ṣú?

Ayọ̀_Olókùnmẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó náwó lórí pẹ́dàlì, àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà.

Gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ni mo ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú Jazz Bass, kò lo bátìrì. Kò sí amp lórí pèpéle wa. Wáyà kan ṣoṣo tó gùn tó mítà 15 ló ti ìdí gìtá lọ bá míkísà lẹ́yìn ìjọ, ó wọ ihò line, ibẹ̀ ló ti ń lọ sínú sípíkà méjì onííńṣì 15. Kíbọọ̀dù méjì, gìtá líìdì, ìlù òyìnbó, gángan méjì àti kóńgà la jọ máa ń wà níbẹ̀.

Ìṣòro náà rèé: ohùn béèsì yìí ṣú, kò lẹ́nu. Bí mo bá dá nìkan lù ú, ó dáa díẹ̀. Bí gbogbo wa bá ti wọlé, ẹ óò kàn máa gbọ́ kí nǹkan kan máa kù rìrì nísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ nóòtì tí mo tẹ̀. Bí mo bá sì fi àtàǹpàkò gbá okùn, iná pupa ara míkísà á tàn.

Owó pẹ́dàlì kan ló wà lọ́wọ́. Mẹ́rin ni ẹni tó ń tà á gbé kalẹ̀: compressor kan (tó ń mú ohùn tó ga jù wálẹ̀), overdrive aláwọ̀ ewé tí àwọn onígìtá líìdì ń lò (tó ń mú ohùn fọ́ díẹ̀), preamp béèsì (tó ń gbé ohùn gìtá sókè) tó ní DI (ihò tí a fi ń fi ohùn ránṣẹ́ sí míkísà), àti multi-effects tó ní ohùn bí ọgọ́rin nínú. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹnjiníà_Ohùn

Preamp tó ní DI ni kí o mú, àbúrò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí ibi tí ohùn rẹ ti ń sọnù, torí ohun tí o kọ yìí fi hàn pé wáyà àti ihò míkísà ló ń jẹ ẹ́.

Gìtá tí kò lo bátìrì kò lágbára. Iná tó ń jáde lára pickup rẹ̀ (ẹ̀rọ òòfà abẹ́ okùn) kéré púpọ̀, ẹ̀rọ tí yóò bá gbà á láìfà á mọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní input impedance (bí ó ṣe ń tako iná tó ń wọlé) tó tó mílíọ̀nù kan ohm. Ihò line lára ọ̀pọ̀ míkísà kò ju nǹkan bí 10,000 ohm lọ. Bí o bá ki gìtá bọ ibẹ̀ tààrà, agbára á dínkù, ohùn òkè á sì lọ. Ohùn òkè yẹn gan-an ló ń fi ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì han etí. Wáyà rẹ tún dá kún un. Wáyà gìtá a máa ní capacitance (ìwà wáyà tó ń jẹ ohùn òkè, pF ni a fi ń wọ̀n ọ́n) bí 100 pF ní mítà kọ̀ọ̀kan, tirẹ tó gùn ní mítà 15 á jẹ́ 1,500 pF. Pẹ̀lú pickup Jazz Bass, ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀ sí gé ohun tó bá ti kọjá nǹkan bí 2,000 Hz (ìgbọ̀n 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ohùn tí kò lẹ́nu, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣe ìdánwò yìí kí o tó san kọ́bọ̀. Yá pẹ́dàlì Boss kan lọ́wọ́ onígìtá líìdì yín, kódà kó jẹ́ TU-3, tuner tí a fi ń mú okùn bára mu, torí buffer (ohun tó ń fún ohùn gìtá lágbára láti la wáyà kọjá) wà nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ bí o kò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Fi wáyà kúkúrú, bíi mítà mẹ́ta, so gìtá mọ́ ọn, kí wáyà gígùn náà wá ti ara rẹ̀ lọ sí míkísà. Fi gbogbo EQ míkísà (àwọn nọ́ọ̀bù ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè) sí àárín, ṣí volume gìtá tán, kí o wá lu ìlà orin kan náà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú pẹ́dàlì, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Bí ohùn òkè bá padà wá, o ti rí ibi tó ń jò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, wo okùn rẹ. Okùn roundwound tó ti gbó kò ní ohùn òkè mọ́, pẹ́dàlì kankan ò sì lè gbé ohun tí okùn kò mú jáde síta. Okùn tuntun .045 sí .105 ni kí o kọ́kọ́ rà nígbà náà, owó rẹ̀ kò tó ti pẹ́dàlì.

Iṣẹ́ méjì ni preamp DI ń ṣe fún irú ètò tiyín. Ó ń gba gìtá lẹ́sẹ̀ rẹ níbẹ̀, pẹ̀lú impedance gíga, wáyà tó so wọ́n kò sì ju mítà mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí míkísà nípasẹ̀ XLR (wáyà tí orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta), èyí tó jẹ́ balanced: wáyà méjì ń gbé ohùn kan náà ní ìdàkejì ara wọn, míkísà á wá yọ ariwo tó bá kó sára àwọn méjèèjì kúrò. Mítà 30 kò ṣe é ní nǹkan kan. Ihò mic ni kí o fi í sí, má fi í sí ti line. Bí ó bá le jù fún míkísà, tẹ PAD, bọ́tìnnì tó ń dín agbára rẹ̀ kù.

SansAmp Bass Driver DI ti ilé iṣẹ́ Tech 21 ni àwọn oníbéèsì mọ̀ jù, ó ti wà lọ́jà láti àwọn ọdún 1990. MXR M80 náà dáa. Behringer BDI21 fara wé SansAmp, ó sì dínwó púpọ̀, àmọ́ páláṣítíìkì ni ara rẹ̀, a kì í fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún lára SansAmp àtijọ́ àti èyí tó fara wé e: kò sí nọ́ọ̀bù Mid lára wọn, ohùn àárín wọn sì ti jin kòtò láti ilé wá. Bí o bá ṣí Bass, Treble àti Blend tán, yóò dùn létí rẹ nígbà tí o bá dá wà, gángan á sì gbé e mì nígbà tí orin bá kún. Ẹ̀dà kejì ti SansAmp ní Mid.

Fi í síbí fún ìbẹ̀rẹ̀, kí àmì ara nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dà bí ọwọ́ aago: Drive ní aago mẹ́sàn-án, Blend ní aago mọ́kànlá, Bass àti Treble ní aago méjìlá, Presence ní aago mẹ́wàá. Blend ló ń po ohùn gìtá gan-an mọ́ ohùn tí ẹ̀rọ náà ṣe, òun sì ni kí o máa fọwọ́ kàn jù. Kó o tó yí èyí tó kù, gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́, kì í ṣe ní yàrá.

Ní ti multi-effects, ohùn òkè rẹ á padà bí o bá lò ó, torí ó ní buffer. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ihò XLR lẹ́yìn, wáyà mítà 15 yẹn á ṣì máa kó ariwo wálé.

Lánre_Àtàǹpàkò

Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré compressor, torí iná pupa tí Ayọ̀ sọ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àtàǹpàkò tó gbá okùn le ju ìka tó fà á lọ lọ́nà tó pọ̀. Bí ẹnjiníà ìjọ bá rí iná pupa, á fa gain (agbára tó ń wọ míkísà) sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìka yóò sì wá dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Compressor ń mú ibi gíga wálẹ̀, ẹ ó sì lè wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀. Mo fẹ́ràn MXR M87 fún ẹni tó ń kọ́ ọ, torí iná kéékèèké mẹ́wàá wà lára rẹ̀ tó ń fi iye tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn, ratio rẹ̀ (bí ó ṣe ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ tó) sì jẹ́ mẹ́rin: 4:1, 8:1, 12:1 àti 20:1. Ẹni tí kò bá tíì dá compression mọ̀ létí, ojú rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́.

Ẹ fi ratio sí 4:1. Ẹ fi ìka lu béèsì bí ẹ ṣe ń lù ú nínú orin ìyìn, kí ẹ máa ṣí Input díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa tẹ nǹkan bí 3 dB (dB ni a fi ń wọn agbára ohùn). Ẹ wá fi àtàǹpàkò gbá a. Kó má kọjá 6 sí 8 dB. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi Output dá agbára tó lọ padà, kí ohùn tó wà nígbà tí pẹ́dàlì tàn àti èyí tó wà nígbà tó kú lè dọ́gba. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn: wọ́n á ṣí Output jù, etí á ní ohùn náà dára sí i, bẹ́ẹ̀ ó kàn pọ̀ sí i ni.

Attack (bí ó ṣe ń yára bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀) ló ń ba ohùn jẹ́ jù. Bí ó bá yára jù, ìró ìka tó kọ́kọ́ kan okùn á ti di títẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ, béèsì á sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Ẹ jẹ́ kí ó falẹ̀, kí ìró yẹn kọ́kọ́ kọjá. Release (bí ó ṣe ń pẹ́ kó tó tú ohùn sílẹ̀) náà ní tirẹ̀. Okùn E nísàlẹ̀ wà ní 41 Hz, ìgbì rẹ̀ kan sì ń gba nǹkan bí 24 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Bí release bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, compressor á máa lépa ìgbì kọ̀ọ̀kan dípò nóòtì, ẹ ó sì gbọ́ kí ohùn máa ha gìrìgìrì lórí nóòtì ìsàlẹ̀. Láàárín 100 sí 200 ms, ara á rọ̀ ọ́.

Ohun tí compressor kò lè ṣe ni pé kó dá ohùn òkè tí wáyà ti jẹ padà. Nítorí náà preamp ni mo fara mọ́ fún àkọ́kọ́, àmọ́ kí compressor jẹ́ ìkejì.

Mopélọ́lá_Béèsì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ EQ kún un, torí Ayọ̀ sọ pé béèsì náà dára bí òun bá dá nìkan lù ú. Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan mìíràn tún jókòó sórí àga rẹ̀.

Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kò bá tẹ̀ wọ́n: E 41 Hz, A 55, D 73, G 98. Oníkíbọọ̀dù tó bá fi ọwọ́ òsì tẹ C ìsàlẹ̀ wà ní 65 Hz, inú ilé yín gan-an nìyẹn, kíbọọ̀dù méjì ló sì wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè ní octave kan (láti C kan sí C tó tẹ̀ lé e) nígbà tí béèsì bá wà nínú orin. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí pẹ́dàlì tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ sípíkà onííńṣì 15 ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì kí ó tó dé 41 Hz. Ohun tí ìjọ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ E náà jẹ́ ohùn 82 Hz àti 123 Hz tó bá a rìn, ọpọlọ wọn ló ń parí èyí tó kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣí 50 Hz kí béèsì lè "wúwo" ń na sípíkà lásán ni. Agbára amp á lọ síbẹ̀, kọ́ọ̀nù á máa fò síwá-sẹ́yìn, ohùn ò ní pọ̀ sí i. Bí míkísà yín bá ní low cut (ohun tó ń gé ìsàlẹ̀ ohùn) tí a lè yí, ẹ fi í sí 30 sí 40 Hz lórí béèsì. Bí ó bá jẹ́ irú bọ́tìnnì tó dúró sí 80 tàbí 100 Hz, ẹ má fọwọ́ kàn án fún béèsì, ti ohùn ènìyàn nìyẹn.

Ohùn tó ń ṣú, ní agbègbè 200 sí 300 Hz ni ẹ ti máa bá a. Ẹ lo mid tó ń rìn lára míkísà (nọ́ọ̀bù ohùn àárín tí a lè yan frequency rẹ̀): ẹ ṣí gain rẹ̀ sókè ní 6 dB, ẹ rọra yí frequency láti 150 lọ sí 400 nígbà tí ẹlòmíràn ń lu béèsì, ibi tí ohùn bá ti burú jù ni kí ẹ ti fà á sílẹ̀ ní 3 tàbí 4 dB. Lẹ́yìn náà, ibi tí nóòtì ti ń sọ̀rọ̀ wà láàárín 700 sí 900 Hz. Ẹ fi 3 dB kún un níbẹ̀. Bí ẹ bá dá a gbọ́, imú ló máa dà bí ẹni pé ó ń sọ. Ẹ má ṣe yí i padà, ẹ jẹ́ kí gángan àti kóńgà wọlé kí ẹ tó ṣèdájọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra Boss GEB-7 dípò preamp, ẹ mọ̀ pé ohun tó wà lára rẹ̀ ni 50, 120, 400, 500, 800 Hz, 4.5 kHz àti 10 kHz. Láti 120 ó fò sí 400, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ohùn yín ti ṣú gan-an wà láàárín àwọn méjèèjì. 800 rẹ̀ wúlò, 4.5 kHz rẹ̀ wúlò fún àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n kò ní gbà yín lọ́wọ́ 250.

Ohun kan tún wà lórí gìtá fúnra rẹ̀. Lórí Jazz Bass, bí volume pickup méjèèjì bá ṣí tán, ohùn àárín á jin kòtò díẹ̀. Ẹ fa ti pickup ọrùn sílẹ̀ díẹ̀, bíi ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ ó gbọ́ kí àárín padà. Ó lè kó hum (ariwo iná tó ń kùn) díẹ̀ wá, nítorí ṣíṣí méjèèjì dọ́gba ló ń pa hum lára rẹ̀.

Táyé_Peckham

Ẹ kú àtìlẹyìn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Overdrive aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí mo rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ irú Tube Screamer, a ṣe é fún gìtá líìdì kí ó lè yàgò fún béèsì. Nínú rẹ̀, ibi tí ohùn ti ń fọ́ kì í fún ohun tó wà nísàlẹ̀ 720 Hz ní agbára púpọ̀. Fún onígìtá líìdì, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ́. Fún oníbéèsì, ìsàlẹ̀ á fẹ́lẹ́ ní kété tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìjọ á rò pé béèsì ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe pé overdrive fúnra rẹ̀ kò wúlò fún béèsì o. Ohùn tó fọ́ díẹ̀ ń bí àwọn ohùn kéékèèké lókè nóòtì, àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí a gbọ́ béèsì nínú sípíkà kékeré, àní nínú fóònù ẹni tó ń wo ìsìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a ṣe fún béèsì a máa ní nọ́ọ̀bù tó ń po ohùn gìtá tí a kò fọ́ mọ́ èyí tó fọ́. Lára Boss ODB-3, Balance lorúkọ rẹ̀. Lára B3K ti Darkglass, ilé iṣẹ́ kan ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, Blend ni. Ìsàlẹ̀ á dúró gbọin, kíkorò á wà lókè. Drive lára preamp tí Ẹnjiníà sọ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níwọ̀n, nítorí náà Ayọ̀ kò nílò méjì.

Pẹ́dàlì octave (tó ń fi nóòtì ìsàlẹ̀ kún un) àti chorus (tó ń mú kí ohùn kan dà bí méjì), ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ iwájú. Octave tó bá gbé E 41 Hz sọ̀kalẹ̀ ń wá 20 Hz, sípíkà wo ló fẹ́ gbé ìyẹn jáde? Láti D sókè ni ó ti ń wúlò. Chorus ń mú ìsàlẹ̀ gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí Boss fi fi nọ́ọ̀bù Low Filter sára CEB-3.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn bá òun gbé pẹ́dàlì wálé: ádápítọ̀ láti Britain ń lo 230 V bíi ti Nàìjíríà, orí rẹ̀ náà kan náà ni. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ wò dáadáa. 120 V ni iná wọn. Bí wọn kò bá kọ INPUT 100–240V sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò jó.

Onísódà_Mushin

Mo dúpẹ́ pé Táyé mẹ́nu kan ádápítọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ti ń kú.

Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń fẹ́ 9 V DC, ẹnu rẹ̀ 2.1 mm, àárín rẹ̀ negative. Ádápítọ̀ kíbọọ̀dù àti ti router sábà máa ń ní positive láàárín. Ẹ fi mítà (ẹ̀rọ tó ń wọn iná) wò ó kí ẹ tó lò ó: ọ̀pá dúdú sínú ihò, ọ̀pá pupa sí ìta. Bí ó bá ka 9 láìsí àmì ìyọkúrò níwájú, ó tọ̀nà. Bí àmì yẹn bá wà, ẹ gbé e sọ́wọ́ kan. Ẹ wo mA náà: ti ádápítọ̀ gbọ́dọ̀ tó tàbí kó ju ohun tí pẹ́dàlì ń bèèrè. Kò léwu kó pọ̀ jù, torí pẹ́dàlì ń mu ìwọ̀n tó fẹ́ ni. Volt ni kò gbọdọ̀ ju tirẹ̀.

Bí hum bá wà, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí nọ́ọ̀bù. Ẹ yọ ádápítọ̀, ẹ fi bátìrì 9 V sí i. Bí hum bá lọ, ádápítọ̀ lẹ́bi. Bí kò bá lọ, ẹ tẹ ground lift lára DI, bọ́tìnnì tó ń já ilẹ̀ (earth) wáyà XLR. Bí ó bá lọ báyìí, ilẹ̀ méjì ló ń bá ara wọn jà láàárín pèpéle àti míkísà. Ẹ fi í sílẹ̀ ní títẹ̀. Bí kò bá lọ síbẹ̀, ẹ fọwọ́ kan okùn. Hum tó lọ nígbà tí ọwọ́ kan okùn jẹ́ ti gìtá: kò sí ààbò tó nínú ihò pickup, ẹ lẹ fọ́ìlì bàbà sí i kí ẹ sì so ó mọ́ ilẹ̀. Ìró tó ga, tó ń han bí ẹ̀fọn, sábà máa ń jẹ́ ti ádápítọ̀ kan tí wọ́n fi bọ́ pẹ́dàlì díjítà àti àwọn mìíràn pọ̀, tàbí ti ínfátà. Ẹ fún pẹ́dàlì díjítà ní tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹsẹ̀ earth lára pílọ́ọ̀gì láti fi pa hum. Ọwọ́ yín wà lára okùn irin, ẹnu yín lè kan makirofóònù. Bí iná bá sá láàárín àwọn méjèèjì, ó lè pa ènìyàn.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n so wáyà XLR fún yín: ẹsẹ̀ 1 ni ti aṣọ wáyà (irin tó yí i ká), 2 ni ti ohùn, 3 ni ti ìdàkejì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ 3 bá já, ohùn ò ní kú. Á kàn rẹlẹ̀, hum á wọlé, wọ́n á sì ní pẹ́dàlì ló bàjẹ́. Ẹ fi mítà tẹ̀lé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí kan dé èkejì kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ayọ̀_Olókùnmẹ́rin

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ìdánwò TU-3 yẹn: ohùn òkè padà. Nítorí náà preamp DI ni mo máa mú. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹni tó ń tà á ní tòkúnbọ̀ ni, báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Àti pé bọ́tìnnì 48V kan ló wà lára míkísà wa fún gbogbo ihò mic pọ̀. Ṣé preamp náà lè jẹ iná lára rẹ̀, kí n má lo ádápítọ̀ mọ́?

Ẹnjiníà_Ohùn

Bí ìwé rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ bá kọ phantom power (iná 48V yẹn náà ni), ó lè jẹ ẹ́. SansAmp Bass Driver àti MXR M80 ń gba irú iná bẹ́ẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, ádápítọ̀ ni kí o lò. Ìlànà rẹ̀ ṣe pàtàkì: fa fader béèsì (ohun tí à ń tì sókè-sódò lára míkísà) sílẹ̀ pátápátá, kí o sì mute ohun gbogbo, so XLR, tẹ 48V, dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni kí o ṣí i. Ẹni tó bá so tàbí tú wáyà nígbà tí 48V wà lórí tí fader sì ga, gbì tó máa dún lè fọ́ sípíkà.

Nítorí pé bọ́tìnnì kan ló ń bọ́ gbogbo ihò, wo àwọn mic yín kí o tó tẹ̀ ẹ́. Mic dynamic tó wà lórí wáyà XLR sí XLR kò ní í kú. Èyí tó ń dani láàmú ni wáyà tí orí kan jẹ́ XLR tí orí kejì jẹ́ jáàkì, tí wọ́n fi so kíbọọ̀dù tàbí ẹ̀rọ ìgbàgbọ́hùn mic aláìníwáyà mọ́ ihò mic. 48V lè gba ibẹ̀ padà lọ bá wọn. Kó irú wọn lọ sí ihò line ná.

Onísódà_Mushin

Yíyẹ tòkúnbọ̀ wò kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àmọ́ gbé gìtá tìrẹ, mítà, wáyà XLR àti bátìrì 9 V tuntun dání. Bí ó bá jẹ́ Alaba ni o ti fẹ́ rà á, má jẹ́ kí wọ́n fi gìtá tiwọn dán an wò fún ọ.

Ṣí ibi bátìrì rẹ̀ kọ́kọ́ wò. Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá wà lára irin ibẹ̀, bátìrì ti da omi sínú rẹ̀ rí. Ó lè ti jẹ ojú ọ̀nà iná tó wà lára pátákó inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà so ó, fi gbogbo nọ́ọ̀bù sí àárín, kí o yí wọn níkọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá ń ha ṣàràṣàrà, eruku ni, òògùn contact cleaner á wò ó. Èyí tí ohùn bá ti kú níbì kan tó sì padà ní ibòmíràn ti jẹ, wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Gé e kúrò nínú owó.

Tẹ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ní ogún ìgbà. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Mi jáàkì méjèèjì nígbà tí o ń lu okùn. Bí ohùn bá ń já, sódà inú rẹ̀ ló ti sán, iṣẹ́ kékeré ni. XLR ni kí o yẹ̀ wò gan-an, torí òun lo tìtorí rẹ̀ rà á: so ó mọ́ míkísà, gbọ́ ọ pẹ̀lú ground lift àti láìsí i. Bí ohùn jáàkì bá dá ṣáká tí ti XLR sì rẹlẹ̀ tó ń hum, tí o sì ti fi mítà rí i pé wáyà rẹ pé, ibi tó ń fi ohùn ránṣẹ́ síta nínú rẹ̀ ti jó, 48V lè ti gbà á. Má rà á, bó ti wù kó dínwó tó.